Àmù Ìpetumodù àti Gáréèjì Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kejìlá

Lẹ́tà jọ́nà, ìwé ìwádìí tí a fi pépà wa ránṣẹ́ sí, dé láàárọ̀ yìí. Orí ìdúró ni mo ti kà á lẹ́nu ọ̀nà láàbù, báàgì ṣì wà léjìká mi. Wọn ò gba pépà wa, wọn ò sì kọ̀ ọ́. Olùyẹ̀wò kìíní yìn wá débi pé ojú tì mí. Olùyẹ̀wò kejì ni tèmi, àfi bí ẹni tí wọ́n dìídì rán sí mi.

Mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ síbí kí n lè máa rí i lójoojúmọ́. Ó ní a sọ pé pùrótíìnì méjèèjì tí à ń tọ́pa, Aláwọ̀ Ewé tó ń lọ sí orí sẹ́ẹ̀lì àti Pupa tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inú gáréèjì ni wọ́n ti ń pínyà, kí kálukú tó wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ní ta ló rí i? Bóyá ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n dé awọ sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pínyà. (Òun ò pè é ní gáréèjì o. Prọ́ọ̀fù Ògúndèjì, ọ̀gá mi, ló sọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń to ẹrù rẹ̀ lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.) Ó ní ká dá àwọn méjèèjì dúró sí gáréèjì ní ogún dígírì fún wákàtí méjì, ká tú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ká sì máa yà wọ́n ní fọ́tò bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ká ṣe é.

Ogún dígírì gééré. Tó bá gbóná ju ìyẹn lọ, ẹrù á máa yọ́ jáde. Tó bá tutù jù, ẹrù ò tiẹ̀ ní dé gáréèjì.

Ogúnjọ́ oṣù kejì ni gbèdéke wọn. Àfikún àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ fún mi á sì parí nínú oṣù kẹrin. Bí pépà yìí ò bá wọlé kó tó dìgbà náà, wọ́n á yọ orúkọ mi, kò ní sí PhD, ọdún méje á wọgbó. Ìyá mi pè láti Ìlare nírọ̀lẹ́: "Mojíre, ṣé wọ́n ti gbà á?" Mo ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kejìlá

Báàfù oníná tó ń mú omi tutù ti kú. Roqeeb tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wa tú ìdí rẹ̀, ó bá òkú ọmọńlé mẹ́ta nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.

Ó ní, "Àwọn yìí ti gba PhD tiwọn níbí."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rín pa mí. Tuntun rẹ̀, mílíọ̀nù mọ́kànlá náírà, oṣù mẹ́rin kó tó gúnlẹ̀. Ẹ̀rín náà dá.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kejìlá

Mo ra yìnyín ọ̀rá mẹ́jọ ní Sábó, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta àgùntàn. Mo dà á sínú ọpọ́n ńlá, mo bu omi sí i, mo ti tẹmómítà bọ̀ ọ́. Aago mẹ́sàn-án, 20. Ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn náà, 17. Mo bu omi gbígbóná sí i, 23. Mo tún ju yìnyín sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá omi jà títí di ọ̀sán, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tí kò fẹ́ dákẹ́ lẹ́kún. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Àwọn kan dá ẹrù dúró, àwọn kan ti fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kejìlá

Yìnyín lẹ́ẹ̀kan sí i. Àṣedànù. Mi ò fẹ́ sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kejìlá

Ọyẹ́ dé lóru, ó sì fi agbára dé. Nígbà tí mo jí, ètè mi ti là, eruku ti bo gbogbo ojú fèrèsé. Gbogbo èèyàn ti lọ lo ọdún nílé, àfi èmi pẹ̀lú Àǹtí Comfort tó ń gbálẹ̀ láàbù wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gbá a, ó bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ níbẹ̀, ó sì sin ọ̀pọ̀. Iná ò sí láti àná.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi lómi mu. Ó bu ife kan jáde láti yàrá tó ń kó ìgbálẹ̀ sí. Mo gbé e sẹ́nu, omi náà ta eyín mi.

Mo ní, "Àǹtí, níbo lẹ ti rí yìnyín?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Yìnyín wo? Inú àmù ni mo ti bù ú."

Mo sáré lọ mú tẹmómítà, mo tì í bọ inú àmù rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. 20.3. Mo pa ariwo kan, Àǹtí Comfort ní "Jésù!", ó sì ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó rò pé ejò ni.

Àmù! Mo kàwé débi pé mo gbàgbé àmù. Ìyá ìyá mi ní méjì ní Ìlódè, mo sì mọ̀ látìgbà ọmọdé pé bí ọyẹ́ bá ṣe ń fẹ́ sí i ni omi wọn ṣe ń tutù sí i, torí amọ̀ ń làágùn, atẹ́gùn gbígbẹ sì ń gbé òógùn náà lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kejìlá

Aago mẹ́fà àárọ̀, 19.8. Aago méje, 19.8. Aago mẹ́jọ, 19.9. Aago mẹ́sàn-án, 20.1. Ọ̀sán gangan, 21.6.

Láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, kò yẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dígírì lọ. Báàfù ọlọ́mọńlé ìjọ́un gan-an, nígbà ayé rẹ̀, kò dúró báyìí rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kínní

Mo lọ kí Prọ́ọ̀fù kú ọdún nílé rẹ̀, mo sì gbé nọ́ńbà àmù dání. Ó wọ díńgí ojú rẹ̀, ó kà á, ó bọ́ díńgí, ó tún un wọ̀.

"Mojíre, ṣé o fẹ́ kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé àmù ni mo fi ṣe ìwádìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín ńkọ́?"

"Ẹ fi nọ́ńbà hàn wọ́n, sà."

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo ń gbé kiri lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀: "Sẹ́ẹ̀lì ò mọ iye tí wọ́n ra ohun tó mú un tutù. Lọ ṣe é. Ṣùgbọ́n máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má baà lè jiyàn." Ìyàwó rẹ̀ bu jọ̀lọ́ọ̀fù fún mi. Mo jẹ ẹran méjì.

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kínní

Àmù Àǹtí Comfort kéré fún iṣẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ ní Ìpetumodù ló ń mọ wọ́n, Àǹtí sì bá mi gba ńlá kan wá. Orí ẹsẹ̀ ló gbé e kà nínú ọkọ̀ kòròpé láti Ìpetumodù dé ẹnu géètì, kò jẹ́ kí dírẹ́bà gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ní ìyá òun ní n kò gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ kàn án, n kò sì gbọ́dọ̀ kùn ún ní ọ̀dà. Kàn-ìn-kàn-ìn àti omi lásán ni.

Mo da iyanrìn tútù sínú ọpọ́n, mo gbé àmù lé e. Àwo sẹ́ẹ̀lì wà nínú agolo pẹlẹbẹ tí omi ò lè wọ̀, mo sì fi wáyà so agolo náà rọ̀ sínú omi. Roqeeb yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ohun tó kù báyìí ni ká fi ìdérí dé e, ká gbé ife lé e lórí fún àlejò.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Kínní

Ó ṢIṢẸ́!

Mo gbé wọn wọnú àmù ní aago mẹ́fà, ọyẹ́ ń fẹ́ fìrì lójú fèrèsé. 19.9 títí di aago mẹ́jọ, àfi ìgbà kan tó di 20.1. Mo mú àwo kan jáde ṣáájú àwọn yòókù, mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ibì kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ wà, Aláwọ̀ Ewé àti Pupa dà pọ̀ di yẹ́lò, wọ́n kún gáréèjì fọ́fọ́. Kò sí ọ̀kan tó yọ́ jáde.

Mo kó ìyókù sínú omi gbígbóná ti dígírì mẹ́tàdínlógójì láti tú wọn sílẹ̀, mo sì ń dá wọn dúró níkọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, ogún, ogójì. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún, yẹ́lò náà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní mẹ́wàá, ewé ti wà lọ́tọ̀, pupa wà lọ́tọ̀, inú gáréèjì náà ni wọ́n ṣì wà o. Ní ogún, àwọn ẹrù kéékèèké ti gbéra, ti ewé ń gòkè, ti pupa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ogójì, orí sẹ́ẹ̀lì tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ́n.

N kò fẹ́ kí ojú mi tàn mí jẹ, mo gbé fọ́tò fún Roqeeb láìsọ èyí tó jẹ́ èyí. Nínú irínwó ẹrù tó kà lójú ọ̀nà, mọ́kànlá péré ló ní àwọ̀ méjèèjì. Mọ́kànlá! Wọn ò jọ wọ ọkọ̀ kankan. Gáréèjì ni wọ́n ti dá gbére fún ara wọn, bí mo ṣe wí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Mo ra súyà wálé. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kínní

Mo fẹ́ kọ èyí kí ìbínú mi tó lọ, kí n lè mọ irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ń lọ dáadáa. 19.8, 19.8, 19.9. Ní aago méje ààbọ̀ mo jáde lọ gba gáàsì fún ìnkubétọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì dàgbà, mo fi ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, 24.6. Agolo àwo mi ń léfòó, àmù kún dé ẹnu, Àǹtí Comfort sì ń fi aṣọ nu ara àmù náà bí ẹni ń nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó ti rọ korobá omi bọ́hóòlù méjì sí i. Omi abẹ́ ilẹ̀ sì rèé, lásìkò ọyẹ́ ńṣe ló máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Mo pariwo. "Àǹtí, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo rí i pé omi rẹ̀ ti fà."

"Mo lẹ ìwé mọ́ ara ìlẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan láàbù!"

"Mo rí i. Mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan láàbù kankan. Àmù nìyẹn. Ṣé kí n rí àmù tó ti fà kí n kọjá lára rẹ̀ ni? Wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé."

Mo ní ó ti ba ayé mi jẹ́. Mo sọ ọ́ lójú Roqeeb. Obìnrin tó gbé àmù náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá fún mi. Ó ká aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kínní

Ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni. N kò sùn dáadáa. Mo dé láàbù ṣáájú gbogbo èèyàn, mo sì kúnlẹ̀ fún Àǹtí Comfort lórí sìmẹ́ńtì tó ń gbá lọ́wọ́.

Ó ní, "Dìde, wà á ba aṣọ rẹ jẹ́." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọdún mẹ́tàlélógún tí mo fi wà nílé ọkọ, ọkọ mi ò pa irú ariwo yẹn mọ́ mi rí. O lágbára o." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo sunkún.

Ó wá bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gbálẹ̀ wa, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ. Mo gbé ìjókòó fún un, mo ya sẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀yìn ìwé, mo ṣàlàyé orí, ẹ̀gbẹ́ àti gáréèjì. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ mi yé.

"Ìyẹn ni pé gbogbo èrò ló ti wà ní gáréèjì, ìwọ wá ní kí ọkọ̀ kankan má ṣí. O fẹ́ wò ó bóyá ẹni tó ń lọ Ìbàdàn àti ẹni tó ń lọ Iléṣà máa fúnra wọn tò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Omi tí mo rọ sí i wá ṣe bí ẹni tó ní kí ọkọ̀ máa lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mi orí. Ó ní òun ò ṣáà lè máa wo àmù tó ń fà o, àmù òfìfo kì í wà níbi tóun wà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nílé àwọn. Wọ́n máa ń gbé àmù kékeré ti ńlá, kí omi inú kékeré sun lọ́dọ̀ọ́ ńlá, òun ni wọ́n fi ń kún un. Omi méjèèjì á tutù bákan náà. Lójú ẹsẹ̀ ló lọ gbé èyí tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀ wá.

N kò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé omi tó ń fà nínú àmù lè dà mí láàmú. Bí mo bá fẹ́ lo wákàtí méjì, mo nílò ohun tí màá fi dí i. Òun ló ro ìyẹn fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kínní

Ọyẹ́ ká nílẹ̀ láàárọ̀ òní. Ọ̀rinrin bo gbogbo ìlú, ara ń lẹ̀. Àmù ò làágùn mọ́, ó jókòó síbẹ̀ bí ọ̀lẹ. 23.1.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Oṣù Kínní

22.9. Mo ti ń bá ojú ọ̀run ṣe ọ̀tá báyìí.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kínní

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ti bọ́ sí i! Ọyẹ́ padà dé lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó gbẹ débi pé bébà ń ká ara rẹ̀. Àǹtí Comfort jókòó ti àmù láti aago mẹ́fà pẹ̀lú igbá kékeré kan, ó ń fi omi àmù kékeré kún ti ńlá ní díẹ̀díẹ̀. 19.9 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò mì. Mẹ́rìnlá nínú irínwó.

Mo sì fi ohun tí olùyẹ̀wò kejì ò tiẹ̀ béèrè kún un. Àwo kan wà tí a ti gé ìrù Pupa inú rẹ̀, ìrù tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára rẹ̀. Pupa aláìnírù yìí dé gáréèjì bíi ti gbogbo èrò, ó wọ́ káàkiri ibẹ̀, nígbà tó yá ó bá Aláwọ̀ Ewé wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sókè. Nínú irínwó, ọ̀ọ́dúnrún ó lé ló ní àwọ̀ méjèèjì. Nígbà tí Prọ́ọ̀fù rí i, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ó ní, "Ó sọ àdírẹ́sì rẹ̀ nù! Wò ó, ó ń tẹ̀ lé èèyàn kiri!" Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó báyìí rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejì

Èbu. Funfun bí òwú, ó bo àwo mẹ́fà nínú mẹ́jọ. A da gbogbo rẹ̀ nù, a sì fi ọtí tó ń pa kòkòrò fọ ìnkubétọ̀ láti orí dé ìdí. Ó ku ìgò sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú táńkì olótùútù. Ọ̀kan. Roqeeb ló bá mi yọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń dàgbà débi tí wọ́n á fi mọ orí wọn yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọjọ́ kẹtàlá ni ìyẹn bọ́ sí. Ogúnjọ́ ni gbèdéke. Àti pé ta ló mọ ìgbà tí ọyẹ́ máa lọ.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kejì

Sẹ́ẹ̀lì ń ṣe dáadáa, wọ́n fọwọ́ so pọ̀ mọ́ra wọn bó ṣe yẹ. Kùrukùru wà lójú ọ̀run. Àmù, 22.4.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kejì

Sẹ́ẹ̀lì á ti pé lọ́la, àmù ò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní 21.8. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán, mo gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Mo ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún ìyá mi.

Àǹtí Comfort dúró lórí mi. "Ṣé ìgbà ọyẹ́ nìkan lo rò pé a máa ń mu omi tútù nílé wa ni? Dìde."

Ó ní ohun tó ń ṣe àmù náà ni pé ó wà níbi tí atẹ́gùn ò ti ń kọjá. Èmi, Roqeeb àti òun gbé e lọ sí àárín kọ́rídọ̀, láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a sì ṣí méjèèjì gbayawu. Ó lọ ya àpò ìdọ̀họ kan, ó rẹ ẹ́ sómi, ó ró o fún àmù bí ìró, ó fi okùn dì í ní ìdí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún kékeré pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá ń ya fọ́tò. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, 21.0.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kejì

Mo wọlé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ètè mi gbẹ. Mo fi ahọ́n lá a, ó tún gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

20.0.

Àǹtí Comfort ti dé ṣáájú mi, ó ti tún àpò náà rẹ. Ó wọ súwẹ́tà méjì. Ó na ìka sí tẹmómítà bí ẹni ń fi ọmọ rẹ̀ hàn.

A kó sẹ́ẹ̀lì ìkẹyìn wọnú àmù ní aago mẹ́fà. Ní gbogbo wákàtí méjì náà, èmi ń kọ nọ́ńbà, òun ń bu omi, Roqeeb dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá ní kọ́rídọ̀. Ó ń sọ fún wọn pé ìpàdé ń lọ lọ́wọ́. Ìgbà tó ga jù, 20.2. Mo tú wọn sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ.

Ọ̀sán ni Prọ́ọ̀fù dé. Mo ti mọ èsì, Roqeeb ti kà á, mẹ́sàn-án nínú irínwó. N kò sọ fún un. Mo ní kó wò ó fúnra rẹ̀. Ó jókòó sídìí maikirosíkóòpù, ó ń yí i láti àwo dé àwo, ó wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti kún fún omijé.

"Mo ti ń sọ èyí ní kíláàsì láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́. Inú ìwé àwọn ẹlòmíì ni mo ti ń rí i. Mi ò rí i rí nínú ilé yìí."

Ó dìde, ó ní kí Àǹtí Comfort náà wá wò ó. Àǹtí bọ́ bàtà rẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀, ó fi ojú kan sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ó mà dára o. Wọ́n mọ ilé wọn."

Inú mi dùn. Inú mi dùn gan-an ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà gbàgbé pé mo mọ bí ó ṣe rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sán òní, tẹ̀fúùfù-tẹ̀fúùfù. Mo dúró sí ojú fèrèsé, mò ń rẹ́rìn-ín sí i. Rọ̀ kó o máa rọ̀, o ti pẹ́ jù.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejì

A fi ránṣẹ́. Ó ku ọjọ́ kan. Prọ́ọ̀fù ní ká pè é ní "ohun èlò amọ̀ tó ń mú omi tutù." Mo ní àmù ni. A bá ara wa fà á díẹ̀. Àmù ló wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹta

Ímeèlì dé! Olùyẹ̀wò kejì ní kò sí ohun tóun tún fẹ́ béèrè mọ́, ó sì ní ó ti pẹ́ tóun ti rí ogún dígírì tó dúró tó báyìí. Ẹni tí mo ti ń bú láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejìlá! Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ó ku ohun kékeré kan. Olóòtú ní òfin wọn ni pé gbogbo ohun èlò tí a bá lò, a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ìlú rẹ̀. A ti kọ ti maikirosíkóòpù, a ti kọ ti àwo. A ò kọ ti àmù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹta

Èmi àti Àǹtí Comfort lọ sí Ìpetumodù. Ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń yí ẹnu ìkòkò kan. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ pé àwọn kan ní òkè òkun fẹ́ mọ ẹni tó mọ àmù wa.

Ó dá ọwọ́ dúró. "Ṣé ó fọ́ ni?"

"Rárá, mà. Kò fọ́."

"Ó ń jò?"

"Rárá, mà. Ó dára ni. Ó dára ju tiwọn lọ."

Ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀, bóyá mò ń fi òun ṣeré. "Ọgọ́ta ọdún ó lé tí mo ti ń mọ ìkòkò, ẹni tó bá béèrè ẹni tó mọ ọ́n, ẹjọ́ ló gbé wá. Tó bá dára, wọ́n á mu omi wọn, ó tán." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìkòkò rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló ní, "Lágúnjú ni orúkọ ọkọ mi. Kọ Àdùkẹ́ sí i. Èmi ni mo mọ ọ́n, kì í ṣe òun."

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹrin

Wọ́n ti gbà á pátápátá. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti dá ọjọ́ tí màá gbèjà iṣẹ́ mi, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Ìyá mi pariwo lórí fóònù débi pé gbogbo Ìlare á ti gbọ́. Prọ́ọ̀fù ti ń pè mí ní Dókítà, mo ní kó dúró ná, ó ní òun ò dúró.

Ojú ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ jáde dé ní ọ̀sán. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e lọ bá Àǹtí Comfort ní yàrá ìgbálẹ̀. Ó jókòó lórí korobá tó dojú dé, ó ní òun ò mú díńgí òun wá, kí n bá òun kà á. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á: Maikirosíkóòpù, ti Jámánì. Àwo sẹ́ẹ̀lì, ti Amẹ́ríkà. Àmù, Àdùkẹ́ Lágúnjú ló ṣe é, Ìpetumodù, Nàìjíríà.

Ó fi etí aṣọ nu ojú.

Ó ní, "Ka ti ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mẹrin.